Fáírọ́ọ̀sì inú ìfun tó ń di FIP: kí ni M1058L ń sọ fún wa, ewu wo ló sì wà fún àwọn ológbò yòókù nílé?

Adùnní_Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá. Akọ ológbò ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan ni, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílò 3.2. Ikùn rẹ̀ wú, kò jẹun dáadáa, ibà rẹ̀ sì dúró sí 39.8°C láti ọjọ́ mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń lo antibáyọ́tíìkì. Omi tí a fà nínú ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń fà bíi funfun ẹyin. Prótíìnì inú omi náà jẹ́ 54 g/L, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò ju 2.1 × 10⁹/L lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀, albumin jẹ́ 18 g/L, globulin jẹ́ 62 g/L.

Láàbù ṣe RT-PCR, àyẹ̀wò tó ń wá RNA fáírọ́ọ̀sì, sí omi ikùn náà. Wọ́n rí kòrónáfáírọ́ọ̀sì ológbò níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ èsì pé "M1058L wà nínú jíìnì S".

Ohun tí kò yé mi rèé. Gbogbo ìwé ló sọ pé fáírọ́ọ̀sì yìí wà nínú ìfun ọ̀pọ̀ ológbò tí ara wọn dá ṣáṣá. Kí ló wá ń sọ ọ́ di apani? Ṣé M1058L yẹn nìkan tó láti fi sọ pé FIP (feline infectious peritonitis), àìsàn tó ń pa ológbò, ni? Ológbò mẹ́rin mìíràn ń bẹ nílé kan náà. Ẹni tó ni wọ́n ti kà nípa bí FIP ṣe tàn káàkiri láàárín àwọn ológbò ní erékùṣù Kípírù (Cyprus), ó ń béèrè bóyá kí òun kó àwọn yòókù lọ sílé ẹbí.

Láàbù_Molékù

Ẹ kú ìtọ́jú, Nọ́ọ̀sì Adùnní. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń sọ ọ́ di apani ṣáájú, nítorí láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ M1058L yóò ti yé wa.

RNA ni àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì yìí. Ó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 29,000. Bó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, ó di dandan kí ó da gbogbo rẹ̀ kọ látòkèdélẹ̀ kó tó lè bí òmíràn. Ẹ wo akọ̀wé tí wọ́n ní kó da ìwé ńlá kọ láti alẹ́ di àárọ̀: bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, lẹ́tà kan á fò, òmíràn á yí padà. Ẹbí kòrónáfáírọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní alábòójútó tó ń yẹ iṣẹ́ akọ̀wé wò tó sì ń pa àṣìṣe rẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì RNA mìíràn kò ní. Síbẹ̀, àṣìṣe ń yọ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe náà kò já mọ́ nǹkan kan, òmíràn sì ń ba fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ológbò tí fáírọ́ọ̀sì ti ń bímọ sí ìfun rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹyọ àṣìṣe kan tó bọ́ sójú ibi tó léwu ti tó.

Èyí tó ń gbé inú ìfun là ń pè ní FECV. Orí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo ògiri ìfun ló ti ń ṣe tirẹ̀. Ológbò á yàgbẹ́ rírọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí a má rí nǹkan kan rárá. Èyí tó ń pani, FIPV, ti yí padà débi tó fi lè wọ macrophage kó sì máa bímọ níbẹ̀. Macrophage ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé kòkòrò mì kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Ẹni tí a ní kó ṣọ́ ilé ló wá ń gbé olè kiri. Ó ń gbé e gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sára àwọn iṣan kéékèèké, ara iṣan á gbiná, omi tó kún fún prótíìnì á máa jò jáde sínú ikùn tàbí sínú àyà. Omi aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ fà nìyẹn.

Jean Holzworth ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn yìí, ní Boston, lọ́dún 1963. Ó pẹ́ kí a tó mọ ibi tí FIPV ti ń wá. Lọ́dún 1998, Harry Vennema, Niels Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àkọsílẹ̀ àwọn fáírọ́ọ̀sì wéra. Wọ́n rí i pé FIPV inú ológbò kan jọ FECV tó wà nínú ilé kan náà ju bó ṣe jọ FIPV tó wá láti ibòmíràn lọ. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: inú ara ológbò náà gan-an ni ìyípadà ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ibi tí ìyípadà náà ti ń hàn kò pọ̀. Èyí tí láàbù yín wò wà nínú jíìnì S, tó ń ṣe ẹ̀gún tí fáírọ́ọ̀sì fi ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 2012, Hui-Wen Chang, Peter Rottier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé lẹ́tà A tó wà ní ipò 23531 ń di T, èyí tó ń mú kí amino asíìdì (ẹyọ tí a fi ń to prótíìnì) ipò 1058 kúrò ní methionine kó di leucine. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní M1058L nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí T yẹn dà yín láàmú bí ẹ ti mọ̀ pé RNA kì í lo T. Ẹ̀dà DNA tí láàbù fi RNA ṣe ni wọ́n ń kà. Ìyípadà kejì tún wà nítòsí rẹ̀, S1060A, níbi tí serine ti ń di alanine. Ọ̀kan nínú méjèèjì wà nínú èyí tó lé ní 95% lára FIPV tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò sì rí i nínú FECV inú ìgbẹ́.

Gbogbo ènìyàn yọ̀ nígbà náà pé a ti rí àmì FIP. Ó ku díẹ̀ káàtó. Lọ́dún 2014, Emily Porter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol wo ẹ̀yà ara ológbò tí FIP pa, wọ́n sì wo ti àwọn tí kò ní FIP àmọ́ tí kòrónáfáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀yà ara wọn. M1058L wà nínú 91% ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Nínú ẹgbẹ́ kejì, 89% ni. Ohun tí M1058L ń sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì ti kúrò nínú ìfun, ó ti wọ inú ara. Kò sọ pé ó ti di àìsàn.

Ibi kejì wà nínú jíìnì S kan náà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti máa ń gé ẹ̀gún sí méjì. Beth Licitra, Gary Whittaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cornell fi hàn lọ́dún 2013 pé ibi gígé yìí wà bó ṣe yẹ nínú FECV, ó sì máa ń bàjẹ́ nínú FIPV. Ibi kẹta ni jíìnì 3c, òun ni mo sì ka sí pàtàkì jù fún ẹni tó ni ológbò púpọ̀. 3c máa ń pé nínú FECV. Nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta FIPV, ó ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 3c yẹn ni fáírọ́ọ̀sì nílò láti bímọ nínú ìfun. Ẹ wò ó dáadáa: fáírọ́ọ̀sì tó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé inú macrophage ti pàdánù ọ̀nà tó ń gbà jáde nínú ìgbẹ́. Ìdí tí FIP kì í fi í ran láti ara ológbò kan sí ìkejì bí ọ̀fìnkìn ṣe ń ràn nìyẹn.

Nítorí náà, M1058L nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní in nìkan. Ẹ fi globulin pín albumin: 18 sí 62 jẹ́ 0.29. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 0.4, FIP ló ń tọ́ka sí gidigidi; bí ó bá ju 0.8 lọ, à á yáa wá nǹkan mìíràn. Omi tí prótíìnì rẹ̀ ju 35 g/L lọ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pọ̀, RNA fáírọ́ọ̀sì nínú omi náà, ọmọdé ológbò, ibà tí antibáyọ́tíìkì kò kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

DókítàẸran_Ìbàdàn

Mo fara mọ́ ohun tí Láàbù_Molékù sọ. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ tí à ń fi ránṣẹ́ kún un, torí ibẹ̀ ni èsì ti máa ń dàrú.

Omi ikùn tàbí omi àyà ló dára jù fún RT-PCR. Bí kò bá sí omi, ẹ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó ọ̀nà ìfun (lymph node) tó wú. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ní fáírọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó, èsì òfìfo (tí kò rí fáírọ́ọ̀sì) láti inú ẹ̀jẹ̀ kò sì mú FIP kúrò. Ìgbẹ́ kò wúlò rárá fún ìdí yìí. FECV lẹ ó bá níbẹ̀, èyí tí ìdajì ológbò àdúgbò lè ní. RNA tètè ń bàjẹ́: ẹ kó o sínú fíríìjì ní 4°C, ẹ fi yìnyín rán an, ẹ má ṣe da fọ́málìnì sí i. Ẹ̀yà ara tí wọ́n ti rì sínú fọ́málìnì, àwọ̀ ajẹmọ́-àǹtíbọ́dì ni kí wọ́n fi wá fáírọ́ọ̀sì nínú macrophage rẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn gan-an ló fìdí FIP múlẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da ènìyàn lójú rú. Láàbù lè kọ ọ́ pé àwọn rí kòrónáfáírọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n àwọn kò rí ìyípadà. Ó lè jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì inú àpẹẹrẹ kéré jù fún wọn láti ka jíìnì S, tàbí kó jẹ́ oríṣi kejì fáírọ́ọ̀sì náà, tí ẹ̀gún rẹ̀ wá láti ara kòrónáfáírọ́ọ̀sì ajá. Àyẹ̀wò M1058L kò mọ irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá ìtọ́jú dúró nítorí ìlà yẹn.

Fún àwa tí láàbù PCR jìnnà sí, àyẹ̀wò Rivalta ṣì ń gbani là. Ẹ mú ife gíláàsì tó mọ́ gaara, tó gba mílílítà mẹ́wàá. Ẹ bu mílílítà mẹ́jọ omi tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀. Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ ásíìdì bátìrì ni wọ́n tà fún yín, ìgò wọn jọra. Ẹ kán ẹ̀kán kan ásíìdì ásẹ́tíìkì 98% sí i, tàbí fínígà funfun, kí ẹ sì pò ó pọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀kán kan omi ikùn lé ojú omi náà jẹ́jẹ́. Ẹ má jù ú láti òkè. Bó bá tú ká tí ojú omi sì mọ́, òfìfo ni, FIP kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe mọ́. Bó bá dúró bí ẹ̀kán, tó rọ̀ sójú omi tàbí tó rọra ń rì bí okùn funfun, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Òfìfo rẹ̀ ṣeé gbára lé ju bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ lọ. Bakitéríà inú ikùn àti jẹjẹrẹ lymphoma náà lè mú kí ẹ̀kán dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi omi náà sábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ rẹpẹtẹ tí bakitéríà sì wà nínú wọn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe oògùn FIP.

Adùnní_Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. A wo omi náà sábẹ́ maikirosíkóòpù, kò sí bakitéríà, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá aláìsàn náà, ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. Ti Kípírù ńkọ́?

Ìyá_Ológbò_Púpọ̀

Kí ó má kó wọn lọ síbì kankan o. Bí ológbò kan bá ti ní FECV nínú ilé tí wọ́n ti jọ ń lo àpótí ìyàgbẹ́, àwọn yòókù ti ní in tàbí wọ́n ti ní in rí. Ohun tí aláìsàn náà lè fún wọn ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Bó bá kó wọn lọ sílé ẹbí, yóò kàn gbé FECV fún ológbò tó wà níbẹ̀ ni, ìdààmú ìrìn àjò á sì tún dé sára wọn. Ìdààmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ọ̀ràn yìí. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ilé, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, ni agbára ìdáàbòbò ara máa ń dín kù, tí fáírọ́ọ̀sì á sì ráyè bímọ púpọ̀. Ibi tí ó bá ti ń bímọ púpọ̀ ni àṣìṣe akọ̀wé yẹn ti ń pọ̀.

Nínú gbogbo ológbò tó bá ní FECV, nǹkan bí 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni FIP máa ń mú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tíì pé ọdún méjì. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n fojú sí lára jù, torí ewu náà máa ń ga díẹ̀ nínú ìdílé kan náà. Kí wọ́n máa wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ológbò tí kò sanra mọ́, tàbí tó ń rù, kí wọ́n gbé e wá kí ikùn rẹ̀ tó wú. Kí wọ́n má ná owó sórí àyẹ̀wò àǹtíbọ́dì fún àwọn mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọn yóò ní in, kò sì sí ohun tí yóò fi kún ìmọ̀ yín.

Ibi tí agbára wà ni àpótí ìyàgbẹ́, nítorí ìgbẹ́ ni FECV ń gbà ràn, ẹnu ló sì ń gbà wọlé. Ológbò márùn-ún, àpótí mẹ́fà, kí wọ́n pín in káàkiri ilé, kó jìnnà sí àwo oúnjẹ. Kí wọ́n máa kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì bó bá ṣeé ṣe. Yẹ̀pẹ̀ tó ń bu eruku kò dára, torí eruku rẹ̀ máa ń gbé ìgbẹ́ gbígbẹ mọ́ irun, ológbò á sì lá a. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè níbi gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ méje.

Bí wọ́n bá fẹ́ fọ àpótí, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kó ṣáájú, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára lọ́wọ́ bílíìsì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da bílíìsì, irú jíìkì tàbí háípò, mílílítà 30 sínú lítà omi kan, kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n wá ṣàn án nù dáadáa. Ìtọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò kí bílíìsì tó kàn án. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde bí méjèèjì bá pàdé ń ta ènìyàn àti ológbò lọ́fun. Kí wọ́n má mú ológbò tuntun wọlé ní oṣù méjì àkọ́kọ́ yìí.

Ẹni tó ń sin ológbò bí ọmọ ní tirẹ̀ lè dá àwọn ọmọ sí kí FECV tó kàn wọ́n. Ohun ìdáàbòbò tí wọ́n mu nínú wàrà ìyá máa ń lọ tán bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Kí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú nígbà náà, kí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ológbò àgbà, ìyá wọn náà wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí ẹni kan náà bá ń tọ́jú wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ máa lọ láàárọ̀, kó tó kan àwọn àgbà. Akọ àti abo tí ọmọ wọn ju ẹyọ kan lọ ti kú nípa FIP, kí wọ́n má so wọ́n pọ̀ mọ́.

Láàbù_Molékù

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Kípírù, torí òun ni kò bá gbogbo èyí tí a ti sọ mu, ó sì tọ́ kí ẹ̀rù ba ènìyàn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni FIP ti ń pọ̀ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ ní Nicosia, kí ó tó tàn ká erékùṣù náà. Ìwé ìròyìn kan ń kọ pé ológbò 300,000 ló kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran Kípírù sọ pé nǹkan bí 8,000 ni. Nígbà tí Charalampos Attipa, Christine Tait-Burkard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà, ohun tí wọ́n bá kì í ṣe àṣìṣe lẹ́tà kan tàbí méjì. Kòrónáfáírọ́ọ̀sì ológbò àti ti ajá ti pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, akọ̀wé sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé kan, ó fò sínú ìkejì, ó tún padà. Ẹ̀gún rẹ̀ wá láti ara fáírọ́ọ̀sì ajá, irú èyí tí kì í dúró sí ìfun nìkan. Wọ́n pè é ní FCoV-23. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀, apá kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀gún náà ti já dànù.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà ni pé FCoV-23 ń ràn tààràtà láti ara ológbò sí ológbò. Àwọn fáírọ́ọ̀sì inú àwọn aláìsàn jọra gidigidi, bí ẹni pé ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo wọn ti wá, yàtọ̀ sí FIP tí a mọ̀, níbi tí ti olúkúlùkù ti ń dá yàtọ̀. A tún rí i nínú ológbò kan tí wọ́n kó láti Kípírù wá sí Britain lọ́dún 2023.

Nítorí náà, Nọ́ọ̀sì Adùnní, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé èyíkéyìí nínú àwọn ológbò márààrún ti Kípírù wá, tàbí ó ti bá ológbò tó ti ibẹ̀ wá gbé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀ lónìí, kí ẹ sì sọ fún láàbù kí wọ́n wá FCoV-23. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èsì yín fúnra rẹ̀ ti tù wá nínú díẹ̀: M1058L jẹ́ àmì ara oríṣi kìíní, ẹ̀gún ajá kò sì ní ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kì í kó èyíkéyìí nínú wọn, kò sì bá kòrónà tó fa COVID-19 tan bí kò ṣe ní orúkọ ẹbí.

Adùnní_Nọ́ọ̀sìẸran

Kò sí ọ̀kankan tó ti Kípírù wá. Inú ilé nìkan ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Dókítà wa fẹ́ fi GS-441524 bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kí ló yẹ kí n máa ṣọ́?

Apòògùn_Ẹran

GS-441524 ni ohun tí remdesivir, oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ń dà nínú ara. Ó jọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí fáírọ́ọ̀sì fi ń kọ RNA. Akọ̀wé á mú un lò, ìlà á sì dá níbẹ̀. Kó tó dé, ẹni tí a bá ti sọ fún pé FIP ni, à ń bá a kẹ́dùn ni. Lọ́dún 2019, Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ológbò 31 ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, 26 nínú wọn sì parí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 12. Láti ọdún 2021 ni àwọn dókítà ẹran ní Britain ti ń rí i rà lọ́nà tó bófin mu, àwọn ti Amẹ́ríkà láti oṣù kẹfà ọdún 2024.

Fún FIP olómi tí kò kan ojú tàbí ọpọlọ, 15 mg fún kílò kan lójúmọ́ ni. Kílò 3.2 ní ìgbà 15 jẹ́ 48 mg. Hóró 50 mg kan ni ọjọ́ kan nìyẹn, tàbí ìdajì láàárọ̀ àti ìdajì lálẹ́. Kí inú rẹ̀ ṣófo, tàbí kí wọ́n fi ìpápánu bíńtín gbé e, kí oúnjẹ gidi tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ wo bó ṣe ń rìn. Bí ojú bá yí àwọ̀, bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń gbọ̀n, oògùn díẹ̀ ló ń ráyè kọjá sínú ojú àti ọpọlọ, ẹ ní láti gbé e sí 20 mg fún kílò kan: 64 mg lójúmọ́, 32 láàárọ̀ àti 32 lálẹ́.

Àṣìṣe tó ń ba ìtọ́jú yìí jẹ́ jù ni pé wọn kì í wọn ológbò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí ara rẹ̀ ń yá yóò sanra kíákíá. Bó bá di kílò 4, 60 mg ló yẹ kó máa jẹ. Bí ẹ bá ṣì ń fún un ní 48, ó ti bọ́ sí 12 mg fún kílò kan láìsí ẹni tó mọ̀. Oògùn tí kò tó ń pa fáírọ́ọ̀sì aláìlera, ó sì ń dá èyí tí ìyípadà àbùdá ti mú le sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ohun tí Láàbù_Molékù kọ lókè mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹ tún ìṣirò ṣe.

Ibà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, kó sì padà sídìí oúnjẹ. Omi ikùn gbọ́dọ̀ ti ń lọ tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tí ìyípadà kankan kò sí, ẹ yẹ ìwọ̀n oògùn wò, ẹ sì yẹ ọ̀rọ̀ FIP fúnra rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fa gbogbo omi ikùn jáde. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò ti tó, torí prótíìnì ológbò náà ló wà nínú rẹ̀. Omi àyà nìkan ni à ń fà dáadáa, kó lè mí.

Ọjọ́ 84 ni gbogbo wa mọ̀ fún ìtọ́jú yìí. Ìwádìí kan láti Munich lọ́dún 2024, tí wọ́n fi ológbò 40 tó ní FIP olómi ṣe, fi hàn pé ọjọ́ 42 ṣiṣẹ́ bákan náà. Wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra nínú ìwádìí yẹn o. Bí ẹni tó ni ín kò bá lè san owó àyẹ̀wò tó yẹ láti fi dáwọ́ dúró lọ́jọ́ 42, èmi á ní kí ó lọ dé 84.

Bí GS kò bá ṣiṣẹ́, molnupiravir wà, 10 sí 15 mg fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òun kì í dá ìlà dúró. Ńṣe ló ń mú kí àṣìṣe akọ̀wé pọ̀ títí ìwé kò fi ṣeé kà mọ́. Àṣìṣe tó bí FIP náà ni à ń fi pa á. Òun ni ìjọba Kípírù yọ̀ǹda fún àwọn ológbò lóṣù kẹjọ ọdún 2023, láti inú èyí tí wọ́n ti rà pamọ́ fún COVID-19. Bí ó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì funfun á wálẹ̀, etí ológbò á ká, irun ìmú rẹ̀ á sì máa ṣẹ́. Kí obìnrin tó lóyún má fọwọ́ kàn án, kí ẹlòmíràn sì wọ ìbọ̀wọ́.

Adùnní_Nọ́ọ̀sìẸran

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ má bínú. Nígbà tí a bá fẹ́ dá oògùn dúró, ṣé kí a tún PCR ṣe, kí ó hàn pé fáírọ́ọ̀sì ti lọ?

DókítàẸran_Ìbàdàn

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ìbéèrè rere ni. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹfà àti ìkejìlá: albumin tó ti gòkè, globulin tó ti sọ̀ kalẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti padà bọ̀ sípò. Bí láàbù yín bá ń ṣe alpha-1 acid glycoprotein, prótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ ṣe é. Òun ló máa ń tètè sọ òtítọ́ bí iná bá ṣì ń jó lábẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ ìyàwòrán wo ikùn kó dá yín lójú pé omi kò sí, kókó ọ̀nà ìfun kò sì wú mọ́. Lẹ́yìn tí oògùn bá tán, ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 12, torí inú rẹ̀ ni èyí tí yóò padà ti sábà máa ń padà.

PCR ìgbẹ́ ni kí ẹ má ṣe rárá. Ó ń bá ológbò mẹ́rin tó ní FECV gbé. Ó lè kó tuntun láti inú àpótí ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ kejì tí oògùn tán, ẹ ó rí i nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rò pé FIP ti padà.